Ìyá Ọ̀sán Inú Oko Ọ̀pẹ

Ọ̀sán gangan ni Rachida kọ́kọ́ fojú kan Hospice, ó sì dá a lójú pé òkú ni.

Oòrùn wà ní àárín orí. Nínú oko ọ̀pẹ ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú Pobè, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí irúgbìn, ìlà ọ̀pẹ kan tẹ̀ lé òmíràn bí ẹni fi okùn wọ̀n wọ́n, òjìji wọn sì ki débi pé ẹyẹ kì í ké níbẹ̀. Lórí àwọn ọ̀pẹ kan, wọ́n fi àpò funfun di nǹkan roboto roboto. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní orí ènìyàn ni wọ́n fi aṣọ wé tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Rachida kò mọ̀.

Ó ń wọ inú oko lọ, àdúrà wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, nígbà tó rí i. Ọkùnrin gíga kan dúró nínú aṣọ funfun gbọọrọ, kò mira. Kò ní ẹsẹ̀. (Koríko ló bo ẹsẹ̀ ọ̀hún, ṣùgbọ́n ta ló ráyè bi koríko léèrè?) Ọmọdé méje jókòó yí i ká, gbogbo wọn dijú, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

"Aúsù bílàhí!" ni Rachida ké.

Ọkùnrin náà yíjú. Obìnrin kan ni òun náà rí, nínú ẹ̀wù funfun àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, pẹ̀lú ìborí funfun tó wọ́ dé èjìká, tó dúró láàárín ọ̀pẹ méjì ní wákàtí tí kì í ṣe ti ènìyàn.

"Jésù o!" ni ó pariwo, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

Rachida sá gba ọ̀tún. Òkú sá gba òsì. Ṣùgbọ́n nínú oko yẹn, ìlà gbogbo ló jọra. Ẹni tó bá sá yípo, ibi tó ti kúrò ni yóò bá ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pàdé ní ìdí ọ̀pẹ kan. Gbà! Iwájú orí kọ lu iwájú orí, àwọn méjèèjì sì nà gbalaja.

"Má pa mí!" ni òkú ń bẹ̀bẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n gé àwọn ọ̀pẹ àtijọ́, ọ̀gá wa ni!"

Òógùn rẹ̀ kán sí Rachida lọ́wọ́. Ó gbóná. Rachida la ojú kan.

"Ṣé òkú máa ń làágùn?"

Ọkùnrin náà la ojú tirẹ̀. "Ṣé iwin máa ń so aago mọ́wọ́?"

Wọ́n wo ara wọn. Àwọn ọmọ ti sáré dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di inú mú. Ọ̀kan nínú wọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin kékeré tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ká díẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó di ọwọ́ ẹlòmíràn mú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn Rachida ló ń wò.

"Kí ló ń wò?" ni Rachida bèèrè.

Arlette, ọmọ ọdún méjìlá tó jẹ́ ẹnu fún gbogbo wọn, ló dáhùn. "Mọ́rìnọ́lá nìyẹn, kì í sọ̀rọ̀. Ẹ má bojú wẹ̀yìn, Tàǹtí. Ó ti lọ."

Òtútù mú Rachida nínú oòrùn.

*

Sakété ni Rachida ti wá, ọmọ Alájì Chakirou, oníṣòwò aṣọ. Ó ti kọ́ṣẹ́ ní Kutọnu bí a ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ṣèṣe, wọ́n sì gbé e wá sí ilé ìtọ́jú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Pobè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó wá àwọn ọmọ tí kò nílé rí, àwọn tó ń sùn sábẹ́ àtẹ ọjà àti ní ibùdókọ̀, kí ó bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ èyí tó nílò ìtọ́jú nínú wọn. Fíṣì, ìyẹn ìwé ìbéèrè rẹ̀, ti tò sórí tábìlì láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ kan kò yọjú. Ìgbà tó gbọ́ pé inú oko ọ̀pẹ ni wọ́n máa ń sá oòrùn sí ló gbéra wá.

"Wọn kò ní wá bá yín," ni ọkùnrin náà, Hospice, wí, bó ti ń gbọn koríko kúrò lára sùtánà rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn ọjọ́rú dé, àdúrà ló ń gbà sórí búrẹ́dì tó rà fún àwọn ọmọ nígbà tí Rachida dé. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ náà. "Ọmọ tó ń sùn níta mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n máa ń wá a mú. Ẹ wá jókòó sílẹ̀ níbí. Ẹ má kọ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo ń ṣe nínú oko yìí?"

"Alárinà ni mí."

"Alárinà ta ni?"

"Ti ọ̀pẹ." Ó nawọ́ sí àwọn àpò funfun. "Ìyàwó ni gbogbo wọn. A máa ń bo ojú wọn kí atẹ́gùn má baà gbé akọ tí a kò mọ̀ wá bá wọn. Tó bá tó àsìkò, èmi á gùn lọ sókè, màá tú ìbòjú díẹ̀, màá fẹ́ ìyẹ̀fun akọ tí a yàn sí wọn. Èso tó bá ti ibẹ̀ jáde, a mọ bàbá rẹ̀."

"Nítorí náà, gbogbo ìyàwó inú oko yìí, ìwọ lo mú wọn délé ọkọ?"

"Gbogbo wọn," ni Hospice wí, ó mí kanlẹ̀. "Èmi nìkan ni n kò tíì rí alárinà tèmi."

Rachida ní kó lọ fi omi tútù sí iwájú orí rẹ̀ tó wú. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń jáde lọ sójú títì láti wá ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zẹ́mí, òun fúnra rẹ̀ rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

*

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì láìmú ìwé. Ó mú gààrì àti ẹ̀pà wá. Lọ́jọ́ kẹrin, Arlette gbéra nílẹ̀, ó káwọ́ síbàdí. "Tàǹtí, ìgbà wo lẹ máa bi wá ní ọ̀rọ̀ yín ọ̀hún? Ó ti sú wa láti máa retí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ń pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí ìdí ọ̀pẹ kan tí àwọn yòókù ti lè rí wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò lè gbọ́ wọn. Ṣé o máa ń rí oorun sùn? Kí ló máa ń já ọ láyà? Ṣé ó ti ṣe ọ́ rí bíi pé ó sàn kí o má sí láyé? Ó ń béèrè pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Ọ̀kan kò dùbúlẹ̀ sùn rí láti ìgbà tí ilé wọn ti jóná; ìjókòó ló fi ń sùn. Ọ̀kan ní gbogbo òórùn ògógóró ló ń jọ bàbá òun. Rachida kì í sunkún níwájú wọn. Ẹ̀yìn ọ̀pẹ ló ń lọ, ibẹ̀ ni Hospice sì ti máa ń gbé ife omi lé e lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan. "Tí o bá ṣe tán, òkè ni mo wà," ni yóò kàn wí, yóò sì gun ọ̀pẹ rẹ̀ lọ.

Nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu wọn, ó pín ìwé àti pẹ́ńsùlù aláwọ̀. "Kí kálukú ya ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ fún mi."

Ọmọ méje yàwòrán. Rachida kó o jọ, ó wo èkíní, ó wo ìkejì, ó sì tò méjèèje sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Obìnrin kan náà ni. Dúdú láti òkè délẹ̀, ó dúró láàárín ọ̀pẹ. Kò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹnu. Arlette ti Ita-Djèbou wá, Mọ́rìnọ́lá ti Aguidi wá, àwọn yòókù ti ibòmíràn wá, kò sí ẹni tó jókòó ti ẹnì kejì nígbà tí wọ́n ń yà á. Obìnrin kan náà.

"Ta nìyí?"

"Ìyá Ọ̀sán ni," ni Arlette wí, bí ẹni ń sọ orúkọ aládùúgbò. "Ọjọ́ ọjà ló máa ń wá. Tí oòrùn bá dúró, òun náà á dúró. Á gbé oúnjẹ sílẹ̀. Á fọwọ́ kan orí wa, á kà wá. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n."

"Kí ló dé tí kò lójú?"

Arlette wò ó bí ẹni wo òpè. "Kò ní ni."

Rachida ṣí fíṣì rẹ̀. Ìbéèrè kẹrìnlá: ṣé ọmọ náà máa ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́nà méje. Òfin iṣẹ́ sì nìyí: ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí èyí, ilé ìwòsàn ńlá ni, oògùn ni, àkọlé ni sórí ìwé rẹ̀ títí ayé. Ó ti gbé bírò.

"Dúró," ni Hospice wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwé rẹ ní kí o bi wọ́n bóyá wọ́n rí i. Ṣé kò ní kí o lọ wò ó?"

"Ìwọ ńkọ́? O máa ń wá bá wọn. Ṣé o kò rí i rí?"

"Lọ́jọ́ ọjà, ìhà kejì oko ni mo máa ń wà. Jẹ́ ká jọ dúró dè é."

*

Ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́, òjò rọ̀. Kò sí ẹni tó wá, àfi àwọn méjèèjì lábẹ́ agboòrùn kan tó ya. Bí wọ́n ṣe ń retí iwin, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi gbẹ.

"Tó bá jẹ́ iwin lóòótọ́ ńkọ́?" ni Rachida bèèrè.

"Kí ìwọ dúró níwájú. Ìwọ lo kàwé."

"Alárinà, ṣé báyìí lo ṣe ń dáàbò bo àwọn ìyàwó rẹ?"

"Àwọn ìyàwó mi kì í sá eré. Gbòǹgbò ń bẹ lẹ́sẹ̀ wọn. Ìwọ lo sáré lọ́jọ́sí bí àgbọ̀nrín."

"Àgbọ̀nrín tó bá ọ níwájú níbi tí ò ń sá lọ!"

Ọjọ́ ọjà kejì, oòrùn yọ, ó gun òkè, ó dúró. Àwọn ọmọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ẹni tó pàṣẹ. Ewé ọ̀pẹ kò mì. Lábẹ́ àwọn orí wíwé funfun wọ̀nyẹn, ní òpin ìlà kẹta, nǹkan dúdú kan yọ.

Kò rìn bí ènìyàn. Ó ń fà bọ̀ lórí koríko bí òjìji tó já kúrò lára ẹni tó ni ín. Ó súnmọ́. Níbi tó yẹ kí ojú wà, dúdú ni. Rachida kò mọ ìgbà tí ọwọ́ òun wọ ọwọ́ Hospice. Èyí tó ń gbọ̀n jù nínú ọwọ́ méjèèjì, ẹ má bi mí.

Nǹkan náà gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sí orí ọmọ àkọ́kọ́.

"Ọ̀kan," ni ó wí. "Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin..."

Ohùn yẹn ló kọ́ Rachida ní òǹkà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta.

"Tàǹtí Màrúfátù!"

Ẹ wo ọ̀ràn! Rachida, ọmọ tí eléhàá tọ́ dàgbà, tó ti ń di ẹ̀hà mú rìn láti ìgbà tó ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ló wo àwòrán eléhàá méje tó sì fẹ́ kọ àìsàn ọpọlọ sí i! Inú ilé ló ti mọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yìí, níbi tí obìnrin náà kì í ti í bo ojú. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ará ìta kò mọ̀ bóyá ó ní imú.

Ẹ̀rín fẹ́ gbé e. Ṣùgbọ́n Tàǹtí Màrúfátù ti wó lulẹ̀ ní ìdí ọ̀pẹ, ó ń sunkún lábẹ́ aṣọ dúdú náà, ẹ̀rín sì kú sí Rachida lẹ́nu.

"Ẹ ní epo pupa lẹ máa ń wá rà ní Pobè," ni Rachida wí.

"Mo máa ń ra epo náà." Ohùn àgbàlagbà náà fẹ́lẹ́. "Ọmọ mi Sàfúrátù, kí ni wọ́n sọ fún ọ pé ó ṣe é?"

"Wọ́n ní ó wà ní Gabon."

"Kò sí ní Gabon. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó sọnù. Ọjà Pobè ni mo ti jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, kí n lè yọ owó epo. Ọdún méjìlélógún nìyí. Bàbá rẹ ní ká sọ pé Gabon, kí ojú má baà tì wá. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń wá ka àwọn ọmọ tí kò nílé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ kan, iye náà á fi ọ̀kan lé."

Rachida jókòó tì í. "Mélòó lẹ kà lónìí, Tàǹtí?"

"Mẹ́jọ."

Rachida wo àwọn ọmọ. Ó tún wò. "Méje ni wọ́n."

"Orí mẹ́jọ ni mo fọwọ́ kàn," ni Tàǹtí wí. "Èyí tó gbẹ̀yìn tutù."

Mọ́rìnọ́lá dúró ní ìpẹ̀kun ìlà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ká, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí mú. Hospice kùn jẹ́jẹ́, ó ń gbàdúrà. Rachida náà ń gba tirẹ̀. Kò sí ẹni tó bi Mọ́rìnọ́lá léèrè.

*

Sórí fíṣì méjèèje, níwájú ìbéèrè kẹrìnlá, Rachida kọ ọ́ pé: "Wọ́n rí i. Èmi náà rí i." Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Kutọnu pè é lórí fóònù, ó ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ gidi. Ní ọjọ́ ìṣẹ́gun àti ọjọ́ ẹtì, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń mí nígbà tí ẹ̀rù bá dé, wọ́n ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń fi ìjókòó sùn dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó hanrun, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́ fún un títí tó fi jí. Tàǹtí Màrúfátù náà ń wá, kì í ṣe láti kà wọ́n mọ́; ó wá ń sọ ti Sàfúrátù, nínú yàrá Rachida, ilẹ̀kùn títì. Nígbà tí wọ́n wá ẹbí Mọ́rìnọ́lá dé Aguidi, tí wọ́n bá ìyá-ìyá rẹ̀ lórí àìsàn, tí ìyá àgbà náà sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, ọ̀dọ̀ Tàǹtí ni ọmọ náà ń gbé ní Sakété.

Ní ti ìfẹ́, orí ọ̀pẹ ni Hospice ti sọ ọ́.

"Rachida!" ni ó pè láti òkè, láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀ olójú bíbò. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Sọ̀ kalẹ̀!"

"Dáhùn ná! Ibí yìí nìkan ni ọwọ́ rẹ kò ti lè tó mi!"

"Mo gbà! Sọ̀ kalẹ̀, adúmáradán, kí n má baà di opó kí n tó délé ọkọ!"

Ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá débi pé ẹ̀gún ọ̀pẹ ya ṣòkòtò rẹ̀ láti ìdí dé orúnkún. Bẹ́ẹ̀ ni Rachida ṣe rán ṣòkòtò fún ọkọ àfẹ́sọ́nà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn.

*

Àṣà kò yí padà ní Sakété. Kí ẹbí tó fọmọ fọ́kọ, wọ́n á rán ẹnì kan lọ wádìí. Ṣé kò sí adẹ́tẹ̀ nínú ìdílé wọn? Ṣé kò sí olè? Ṣé kò sí wèrè? Alájì Chakirou rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Màrúfátù, nítorí òun ló mọ Pobè jù. Ara Rachida balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ta ni ì bá tún dára tó Tàǹtí, ẹni tí òun bo àṣírí rẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ pè é wọ inú ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n tò dé àjà.

"O mọ̀ pé wèrè ni?"

"Ta ni?"

"Ọkọ rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé. Ibùdókọ̀ Pobè ni wọ́n ti rí i, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ọdún méjì gbáko ni kò fi la ẹnu sọ̀rọ̀. Ilé kan wà tí wọ́n ti fi okùn so ó mọ́ ìdí máńgòrò, kí ìyá kan láti ìjọ wọn tó lọ tú u sílẹ̀. Gbogbo àgbà ọjà ló mọ̀ ọ́n. Ìwọ nìkan ni kò mọ̀, ìwọ tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ kí o máa mọ̀!"

Inú bí Rachida sí Tàǹtí, inú bí i sí Hospice. Ṣùgbọ́n ohun tó dẹ́rù bà á jù ni ọ̀rọ̀ kan tó wọlé sí i lọ́kàn láìkan ilẹ̀kùn: àwọn ọmọ tí a máa bí ńkọ́?

Òun ni o! Òun tó ti sọ fún ogójì ìyá pé ohun tí ìyà fi ṣe ọmọ kì í ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Òun tó máa ń bá ẹni tó bá pe ọmọ ní wèrè jà. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dé inú oko. Lọ́jọ́ kẹrin ó lọ. Ó bá Hospice ní ìdí ọ̀pẹ, kò gùn ún.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"O bi ọmọ méje léèrè," ni Hospice wí. "O kò bi mí."

"Ẹ̀rù bà mí, Hospice."

"Mo mọ̀. Mo rí i lójú gbogbo ẹni tó bá gbọ́." Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. "Lọ rò ó. Tí o bá máa padà, má padà nítorí àánú. Mo ti jẹ àánú yó láti kékeré."

Oko náà pa rọ́rọ́. Lókè, atẹ́gùn wọ inú àwọn àpò funfun, wọ́n wú, wọ́n sì tún rọ̀, bí ẹni tó ń mí.

*

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹbí pé sí pálọ̀ Alájì Chakirou. Rachida fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pe Hospice. Ó dé nínú sùtánà funfun, ó jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn bí ẹni tó ti mọ̀ pé wọ́n á lé òun.

"Bàbá," ni Rachida wí, lórí ìkúnlẹ̀, "òun ni mo fẹ́. Mo sá fún un fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú sì tì mí. Tí ẹ bá kọ̀, n kò ní sá lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ ẹlòmíràn."

"N kò ní da wèrè pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ mi," ni Alájì wí. "Ìwádìí ti parí."

"Kò tíì parí."

Tàǹtí Màrúfátù ló sọ̀rọ̀. Mọ́rìnọ́lá jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e nítan.

"O rán mi lọ wá wèrè, Chakirou. Mo wá a níbi tí o ní kí n wá a, mo sì sọ ohun tí mo rí fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wádìí ilé ọkọ, ó yẹ kó wádìí ilé ìyàwó pẹ̀lú. Ṣé kí n jábọ̀ tiwa?"

Ẹni tó ń mu omi dá ife dúró.

"Nínú ilé tiwọn, ọmọ kan ṣe ọdún méjì láìsọ̀rọ̀, ó sì wá sọ̀rọ̀. Nínú ilé tiwa, obìnrin kan ti ń jáde ní gbogbo ọjọ́ ọjà fún ọdún méjìlélógún lọ ka ọmọ ọlọ́mọ nínú oko ọ̀pẹ. Àwọn ọmọdé ń pè é ní iwin." Ó ká ẹ̀hà sókè lójú gbogbo ẹbí. Ojú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti rù, omijé ti la ọ̀nà síbẹ̀. "Ìwọ lo ní ká sọ pé Gabon."

Alájì Chakirou la ẹnu. Ọkùnrin tó lè ta aṣọ òtútù fún ará aṣálẹ̀, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bojú, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ẹ forí jì mí."

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. "Ìwọ. Súnmọ́ mi. Nǹkan tó ṣe ọ́ yẹn, ṣé ó lè padà wá?"

Gbogbo ojú wà lára Hospice. Irọ́ kékeré kan ló kù kó pa, kí ó sì gbé ìyàwó lọ.

"N kò mọ̀, Bàbá," ni Hospice wí. "Ó lè padà. Tó bá padà, mo mọ ilé ìtọ́jú tí màá lọ, n kò sì ní fi í pa mọ́ fún Rachida."

Alájì wò ó títí. "Gbogbo ọkùnrin tó ti wá tọrọ ọmọ níbí, kò sí èyí tó sọ fún mi rí pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀." Ó tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ṣé ilé lo ti rìn wá láìwọ bàtà?"

"Láti ibùdókọ̀ ni, Bàbá. Ìjọ wa..."

"Mo mọ ìjọ yín. Èmi ni mo ń ta aṣọ funfun fún yín. Àwa náà máa ń bọ́ bàtà ká tó kírun. Ẹ̀yin lẹ kàn tètè bọ́ tiyín." Ó nawọ́ sí i. "Ẹ̀yìn ààwẹ̀ la máa ṣe é. Kí ìyá tó tú okùn lẹ́sẹ̀ rẹ wá jókòó ní ipò ìyá ọkọ."

*

Ìrọ̀lẹ́ ni Rachida sìn ín dé ibùdókọ̀ Sakété. Ìkùukùu ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀nà, àwọn ènìyàn ń yọ nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń rì padà sínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì onítíì, èjìká kan èjìká.

"Hospice," ni Rachida wí, "kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ?"

Rachida kò kánjú. Ó ti mọ bí a ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀.

"Claudine ni ìyá mi ń jẹ́," ni ó wí nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ dún bí ohùn ẹlòmíràn, ohùn ọmọdé. "N kò tíì sọ orúkọ náà fún ẹnikẹ́ni rí."

"Pobè! Pobè! Ó ku ẹni méjì!" ni awakọ̀ ń ké.

Kò sí ẹni tó dìde nínú wọn. Ọkọ̀ náà lọ. Òmíràn dé, ó kún, òun náà lọ, iná ẹ̀yìn rẹ̀ pòórá sínú ìkùukùu. Onítíì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife rẹ̀ nílẹ̀. Hospice ṣì ń sọ̀rọ̀, Rachida sì ń bi í léèrè.